Bí a ṣe ń fi keyframe darí effect: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àmì kan sí èkejì

Tí a bá fi effect kan (ohun tó ń yí ìrísí àwòrán padà) sórí layer (ìpele kan lára àwòrán fídíò), tí a yan iye rẹ̀, tí a sì gbé ọwọ́ kúrò, bákan náà ni yóò ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dé òpin. Gaussian Blur (effect tó ń sọ àwòrán di bàìbàì) tó wà ní 20 ní frame àkọ́kọ́, ìyẹn àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò, 20 náà ni yóò wà ní frame tó kẹ́yìn. Keyframe ló ń jẹ́ kí iye yìí máa rìn. Ẹ lè kà á sí àkọsílẹ̀ kékeré tó ń sọ fún sọ́fítíwíà pé: tí o bá dé frame báyìí, kí iye yìí jẹ́ báyìí. Ẹ fi méjì sílẹ̀ ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sọ́fítíwíà á ṣírò gbogbo èyí tó wà láàárín wọn fúnra rẹ̀.

Àárín yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Fífi keyframe sílẹ̀ kò le rárá, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ jù láti kọ́ ọ. Ohun tó ń sọ iṣẹ́ di wúruwùru ni pé a kì í wo ohun tí iye ń ṣe láàárín keyframe méjì, a kì í sì í wo ohun tó ń ṣe kí ìyípadà tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. After Effects, sọ́fítíwíà Adobe tí a fi ń ṣe effect fídíò, la máa fi ṣe àlàyé púpọ̀ nínú èyí, a ó sì kan Blender, sọ́fítíwíà àwòrán 3D, lẹ́yìn náà. Bọ́tìnnì ti Windows la ń dárúkọ; ẹni tó bá ń lo Mac, kó fi Command rọ́pò Ctrl, kó fi Option rọ́pò Alt.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aago

Ẹ kọ́kọ́ pinnu iye frame tó máa wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ Ctrl+K, Composition Settings á ṣí, ẹ wo Frame Rate. Nínú àpẹẹrẹ wa, 25 la máa lò, ìyẹn ni pé frame kọ̀ọ̀kan gba 0.04 ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹ bá parí iṣẹ́ tán kí ẹ tó yí i padà sí 24 tàbí 30, àwọn keyframe á dúró sí àkókò tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n àkókò yẹn lè má bọ́ sórí frame kankan mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó bú jáde lórí frame kan pàtó á wá ṣubú sáàárín frame méjì, ibi tó mú jù nínú rẹ̀ kò sì ní hàn rárá.

Frame ni kí ẹ máa kà, ẹ má fi ìṣẹ́jú àáyá kà. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ òǹkà àkókò tó wà lókè apá òsì timeline, ìyẹn ibi tí a to layer àti àkókò wọn sí. Yóò yí láti wákàtí àti ìṣẹ́jú sí iye frame. Ó rọrùn láti sọ pé "láti 10 dé 35" ju kéèyàn máa ṣírò ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe rèé: composition (fídíò tí a ń to àwọn layer sínú rẹ̀) 1920×1080, frame 125, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Àkọlé funfun kan wà lórí ilẹ̀ dúdú. A fẹ́ kó jáde láti inú bàìbàì láàárín frame 10 sí 35, kó dúró kedere, kó sì tún padà di bàìbàì láàárín frame 100 sí 115.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpin

Ẹ yan layer àkọlé, kí ẹ wá Gaussian Blur nínú Effects & Presets, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Effect Controls á ṣí. Bí kò bá ṣí, F3 ni bọ́tìnnì rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ Blurriness, ẹ ó rí àwòrán aago kékeré kan. Aago yìí ló ń sọ bóyá iye náà lè yí padà bí àkókò ti ń lọ.

Ẹ má tíì lọ sí frame 10. Ẹ gbé ọ̀pá àkókò lọ sí frame 35, níbi tí àkọlé ti yẹ kó mọ́ kedere. Ẹ rí i pé Blurriness wà ní 0, kí ẹ wá tẹ aago. Keyframe àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn. Ẹ padà sí frame 10, kí ẹ yí Blurriness sí 60. Ẹ kò ní láti tẹ nǹkan kan mọ́: níwọ̀n ìgbà tí aago ti wà ní títàn, gbogbo iye tí ẹ bá yí padà ń di keyframe ní ibi tí ọ̀pá àkókò wà.

Ìdí tí a fi ń ti òpin bẹ̀rẹ̀ ni pé ibi tí effect máa sinmi sí ni olùwòran máa wò pẹ́ jù. Iye tó máa dúró yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ dára lójú yín. Ibi tó ti ń bọ̀ kò le láti wá.

Ẹ tẹ U lórí layer náà. Timeline á ṣí kìkì àwọn iye tó ní keyframe, ẹ ó sì rí dáyámọ́ǹdì méjì lórí ìlà Blurriness. Láti ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ẹ tẹ J láti padà sẹ́yìn, K láti lọ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi J àti K kọ́ra. Ẹni tó bá ń fi máòsì fa ọ̀pá àkókò á máa rò pé òun ti dé orí keyframe nígbà tó jẹ́ pé frame kan ló fi kù. Yóò yí iye padà, keyframe tuntun á wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, effect á sì máa fò lójijì níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí àwòrán ta kìjí ní frame kan ṣoṣo, ẹ fi máòsì fẹ timeline sókè dáadáa. Lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá, dáyámọ́ǹdì méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún wà lórí aago. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní títàn, gbogbo keyframe iye náà á parẹ́ pátápátá. Títẹ̀ ẹ́ padà kò ní dá wọn padà, ọ̀kan ṣoṣo tuntun ni yóò fi sílẹ̀. Ctrl+Z nìkan ló lè gbà yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá.

Keyframe tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé

Ó wá ku kí àkọlé padà di bàìbàì ní ìparí. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni láti lọ sí frame 115, kí a yí Blurriness sí 60. Ẹ dán an wò, kí ẹ wo fídíò. Àkọlé á mọ́ kedere ní frame 35, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Láti 35 ni yóò ti máa di bàìbàì, díẹ̀díẹ̀, títí dé 115. Sọ́fítíwíà kò ṣẹ̀: a sọ fún un pé 0 ní 35, 60 ní 115, ó sì pín 60 sí ọgọ́rin frame, 0.75 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí frame mẹ́rin tó kọjá, Blurriness ti di 3, ẹnu lẹ́tà ti ń rọ̀.

Keyframe tó ń dá iye dúró ló sọnù. Ẹ lọ sí frame 100. Ní apá òsì ìlà Blurriness nínú timeline, ẹ ó rí ọfà kékeré méjì pẹ̀lú dáyámọ́ǹdì láàárín wọn. Ẹ tẹ dáyámọ́ǹdì yẹn, kí ẹ sì kọ 0 sí Blurriness. Keyframe mẹ́rin ló wá wà báyìí: 60 ní 10, 0 ní 35, 0 ní 100, 60 ní 115. Láàárín 35 sí 100, kò sí ohun tó ń lọ, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn.

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nídìí keyframe, èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ìdúró náà nílò keyframe méjì, ọ̀kan níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan níbi tó ti parí. Bí effect kan bá ń yọ́ yí padà níbi tí ẹ kò rán an, ẹ wá ibi tí ìdúró ti ní àmì ẹyọ kan.

Ìdí tí ìlà gbọọrọ kì í fi í dára fún blur

Ẹ wo frame 10 sí 35 dáadáa. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, iye ń lọ ní ìwọ̀n kan náà: 60 nínú frame 25 jẹ́ 2.4 fún frame kọ̀ọ̀kan. Ní frame 20 ó ti dín sí 36, ní frame 31 ó wà ní 9.6. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ka blur bẹ́ẹ̀. Àkọlé tó wà ní 60 àti èyí tó wà ní 36, kò sí èyí tí a lè kà nínú wọn, ìkùukùu funfun ni méjèèjì. Láàárín 10 sí 0 nìkan la ti ń rí lẹ́tà tó ń dá jọ, frame mẹ́rin péré ló sì kù nígbà náà. Nítorí náà, àkọlé á jókòó bí èéfín fún frame mọ́kànlélógún, yóò wá ṣàdédé mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣe é á rò pé àkókò tí òun fún un kò tó, á sún keyframe jìnnà sí i, ọ̀rọ̀ á sì burú sí i.

Àkókò kò kéré o, bí a ṣe pín in ló ṣì. A fẹ́ kí iye já bọ́ kíákíá láti 60, kó wá pẹ́ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí i. Ẹ tẹ keyframe tó wà ní 35 kí ẹ yàn án, kí ẹ tẹ F9. Dáyámọ́ǹdì rẹ̀ á yí padà sí ohun tó jọ aago iyanrìn. Ẹ wá tẹ Ctrl+Shift+K. Àpótí Keyframe Velocity á ṣí; ní apá Incoming, Influence wà ní 33.33%. Ẹ sọ ọ́ di 80%, kí ẹ tẹ OK. Ẹ fi keyframe tó wà ní frame 10 sílẹ̀ bó ti wà, torí a kò fẹ́ kó fà sẹ́yìn kó tó gbéra.

Ẹ wo fídíò lẹ́ẹ̀kan sí i: lẹ́tà á ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn ṣáájú ìdajì àkókò, wọ́n á sì rọra jókòó sí ibi tí wọ́n wà. Fún ìparí, láàárín 100 sí 115, ẹ yí i padà: keyframe tó wà ní 100 ni kí ẹ fún ní F9, kí Outgoing Influence rẹ̀ jẹ́ 80%, kí 115 wà ní gbọọrọ. Àkọlé á rọra bẹ̀rẹ̀ sí tú, á sì sáré parẹ́.

Kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ṣe, ẹ tẹ orúkọ Blurriness, kí ẹ tẹ Shift+F3. Graph Editor á ṣí. Nínú àkójọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yan Edit Value Graph, kí ó má baà jẹ́ ìyára ni yóò máa hàn yín. Ìlà tí ẹ máa rí á já sílẹ̀ láti òkè apá òsì, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe ń súnmọ́ 35. Apá kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó yọ lára keyframe, ẹ lè fi máòsì fà á láti mú un gùn tàbí láti gé e kúrú. Ẹ rí i pé ó dùbúlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tì í wálẹ̀, ìlà á gba abẹ́ 0 kọjá. Blur kò lè kéré sí 0, torí náà àwòrán á dì síbẹ̀ títí ìlà á fi tún gòkè, èyí á sì dà bí ẹni pé fídíò há.

Ìrísí keyframe fúnra rẹ̀ ń sọ irú ẹni tó jẹ́: dáyámọ́ǹdì ni èyí tó ń lọ gbọọrọ, aago iyanrìn ni èyí tó ní apá, róbótó ni èyí tí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, onígun mẹ́rin sì ni èyí tó ń di iye mú láìjẹ́ kó rìn títí keyframe tó kàn á fi dé.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú

Onígun mẹ́rin yìí, tí wọ́n ń pè ní Hold, wúlò gan-an. Ká ní a fẹ́ kí àkọlé tàn bí iná tó ń wá iná mànàmáná kó tó dúró. Ẹ fi effect Glow, èyí tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ yọ lára àwòrán, sórí rẹ̀, lábẹ́ Gaussian Blur. Lórí Glow Intensity, ẹ fi keyframe wọ̀nyí: 0 ní frame 40, 2.5 ní 42, 0.4 ní 43, 1.8 ní 46, 0.2 ní 48, 1 ní 52. Ẹ tẹ orúkọ Glow Intensity kí gbogbo wọn yàn pọ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl+Alt+H. Gbogbo wọn á di onígun mẹ́rin.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn: 2, 1, 3, 2, 4. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má dọ́gba ni. Tí ẹ bá fi wọn sí frame mẹ́ta mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí iná ọkọ̀ tó fẹ́ yà, kò ní jọ iná tó ń tiraka. Bí a kò bá sì fi Hold sí i, iye á máa yọ̀ láti 2.5 sí 0.4, á sì dà bí nǹkan tó ń mí. Mímí náà dára fún ohun mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tó ń ṣẹ́jú.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń bù yẹ̀rì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lè fa gìrì fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ṣe lókè yìí tàn, ó sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ tan án ká sí àkókò tó gùn.

Bí Glow kò bá fi gbogbo ara hàn, ẹ má sáré gbé Intensity sókè. Ẹ wo Glow Threshold. Ó máa ń wà ní 60%, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tó bá mọ́lẹ̀ ju 60% lọ nìkan ni yóò tàn. Àkọlé funfun á tàn pátá. Àkọlé aró tó dúdú kò ní tàn, bí Intensity ẹ̀ bá tiẹ̀ di 4. Threshold ni kí ẹ mú wálẹ̀.

Àwọ̀, igun àti àpótí tí a ń maàkì

Kì í ṣe gbogbo iye ló ń rìn bí òǹkà. Àwọ̀ pupa tó fẹ́ di àwọ̀ ewé á gba àárín kọjá ní (128, 128, 0), ìyẹn àwọ̀ ẹrẹ̀ tó ti ṣá. Ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí iná ẹlẹ́wà wọn bá di ẹrẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ fi keyframe kan sáàárín, kí ẹ yan àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Igun máa ń jẹ́ òǹkà méjì, bíi 0x+350°. Tí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan yí láti 350° kọjá òkè dé 10°, tí ẹ sì kọ 10° lásán, yóò yí padà sẹ́yìn fún 340°. 1x+10° ni kí ẹ kọ. Òǹkà tó ṣáájú x ni iye ìgbà tó ti yípo.

Àpótí tí a ń maàkì àti àkójọ tí a ti ń yan nǹkan lè ní keyframe pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Hold nìkan ni wọ́n mọ̀. Kò sí ìdajì láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìkùukùu tó ń yípo láìní àpá

Fídíò tí a fẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe títí láé nílò ìṣírò tó péye. Ẹ fi Fractal Noise, effect tó ń ya ohun tó jọ ìkùukùu, sórí solid kan (layer aláwọ̀ ẹyọ kan), kí ẹ ṣe composition frame 100, ìyẹn láti 0 dé 99. Evolution ni iye tó ń mú ìkùukùu náà hó. Ẹ fi keyframe sí frame 0 ní 0x+0°, àti sí frame 100 ní 2x+0°. Ẹ ṣí Evolution Options, kí ẹ maàkì Cycle Evolution, kí ẹ kọ 2 sí Cycle (in Revolutions). Láìsí àmì yẹn, yíyípo lẹ́ẹ̀mejì kò ní dá ìkùukùu padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Á kàn máa lọ síwájú ni.

Frame 100 dà bí frame 0 gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ wọ inú fídíò. Bí ẹ bá fi keyframe kejì sí 99, frame 99 àti 0 á jẹ́ àwòrán kan náà, olùwòran á sì rí i pé nǹkan dúró díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. Composition frame 100 kò ní jẹ́ kí ọ̀pá àkókò dé frame 100, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fún un ní 125, ẹ fi keyframe sílẹ̀, kí ẹ wá dá a padà sí 100. Keyframe náà á wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má tẹ F9 lórí àwọn méjèèjì: bí ìyára bá dín kù ní ojú ìsopọ̀, àpá nìyẹn.

Ohun tó ń ba effect jẹ́ láti ìta

Nígbà mìíràn keyframe dára, effect kò sì dára. Ẹ wo bí àwọn effect ṣe tò. After Effects ń ṣe wọn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ nínú Effect Controls. Glow tó wà lábẹ́ Blur ń tan ohun tó ti rọ̀. Glow tó wà lókè Blur, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹ fà wọ́n sókè-sódò kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Scale náà ń dá sí i. Lórí layer fọ́tò, effect ni a ń ṣe ṣáájú, Scale, Position àti Rotation ló tẹ̀ lé e. Bí Scale bá ń ti 50% lọ sí 200%, Blur 10 tí ẹ kò fọwọ́ kàn á rí bíi 5 ní ìbẹ̀rẹ̀, bíi 20 ní ìparí. Láti yẹra fún un, ẹ fi effect tó ń jẹ́ Transform sí òkè Blur, kí ẹ sì fi keyframe Scale sórí òun dípò ti layer. Layer àkọlé kò ní wàhálà yìí, torí pé ti tirẹ̀, Scale ló ń ṣáájú effect.

Blur tó wà lórí fọ́tò tó kún ojú àwòrán á tún jẹ́ kí etí rẹ̀ máa ṣókùnkùn bí iye ti ń gòkè. Ẹ maàkì Repeat Edge Pixels, yóò dáwọ́ dúró.

Tí ìmọ́lẹ̀ Glow bá ń là sí ìpele ìpele bí àkàbà dípò kó yọ́ mọ́ra, keyframe kọ́ ló fà á. 8 bpc (iye bit tó wà fún apá àwọ̀ kọ̀ọ̀kan) kéré fún irú rẹ̀. Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ ibi tí a kọ 8 bpc sí nísàlẹ̀ Project, kó di 16 bpc. Kọ̀ǹpútà á wúwo díẹ̀ sí i.

Nígbà tí keyframe ti pọ̀ jù

Ìgbọ̀n kékeré tí kò lópin kò yẹ ká fi ọwọ́ ṣe. Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ aago iye náà, kí ẹ kọ wiggle(3,15). Òǹkà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá, èkejì ni bó ṣe lè gbọ̀n jìnnà tó sí iye tó wà nílẹ̀. Fún keyframe tí ẹ fẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, loopOut("cycle") ni. Expression, ìyẹn irú àṣẹ tí a kọ báyìí, kì í pa keyframe rẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn ni.

Láti jẹ́ kí gbogbo ìyípadà kan yára tàbí falẹ̀ láìba ìrísí rẹ̀ jẹ́, ẹ yan gbogbo keyframe rẹ̀, ẹ di Alt mú, kí ẹ fa èyí tó kẹ́yìn. Àlàfo gbogbo wọn á fẹ̀ tàbí á fún ní ìwọ̀n kan náà. Láti lò wọ́n níbòmíràn, Ctrl+C, ẹ gbé ọ̀pá àkókò lọ síbi tí ẹ fẹ́, Ctrl+V: ibi tí ọ̀pá wà ni èyí tó ṣáájú nínú wọn á bọ́ sí.

Bí ó ṣe rí nínú Blender

Àwòrán tí a fi Grease Pencil, ohun èlò ìyàwòrán inú Blender, yà ní effect tirẹ̀: Blur, Glow, Wave Distortion àti àwọn mìíràn. Ẹ yan àwòrán náà, kí ẹ lọ sí apá Effects nínú Properties, kí ẹ fi Blur kún un. Bí ẹ kò bá rí ìyípadà kankan, ẹ yí viewport, ojú ibi tí ẹ ti ń wo àwòrán, sí Material Preview tàbí Rendered.

Kò sí aago níhìn-ín. Ẹ gbé máòsì lé iye Size láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ I. Alt+I ló ń yọ ọ́ kúrò. Àwọ̀ ojú iye yẹn ni kí ẹ máa ka: ìyeyè túmọ̀ sí pé keyframe wà ní frame yìí gan-an, ewé, pé ó ní keyframe ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí, àwọ̀ ọsàn, pé ẹ ti yí i padà, ẹ kò sì tíì tẹ I. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti After Effects bọ̀, torí Blender kì í dédé kọ keyframe sílẹ̀ àfi tí ẹ bá tan Auto Keying. Bí ẹ bá sún sí frame mìíràn nígbà tí ojú iye ṣì jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ohun tí ẹ kọ ti lọ nìyẹn.

Nínú Graph Editor, T ni a fi ń yan Constant, Linear tàbí Bezier. Constant ni Hold ti Blender. V ló ń yan irú apá tí keyframe ní. Ẹ fi í sílẹ̀ ní Auto Clamped fún effect, torí kì í jẹ́ kí ìlà ṣẹ́ kọjá iye keyframe, wàhálà abẹ́ 0 kò sì ní yọjú.

Fún ìyípo, ẹ tẹ Shift+E nínú Graph Editor kan náà, kí ẹ yan Make Cyclic, kí ẹ rí i pé iye keyframe àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn dọ́gba. Òfin frame kan tó lé yẹn ṣì wà, ṣùgbọ́n láti 1 ni Blender ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà: fún frame 100, keyframe àkọ́kọ́ ní 1, èkejì ní 101, kí End sì dúró ní 100.